Ilé Ni Kí Ẹ Ti To Ìwé Yín Kí Ẹ Tó Wá Ṣe Tíṣà ní Táílàńdì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn, Òṣogbo àti Èkó, pé kí n bá yín wá iṣẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì níbí, mo kí yín o. N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti dí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí iṣẹ́ yìí náà ni mo fi ń jẹun, òun ni mo sì fi ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún yìí nìkan, ọmọ Yorùbá 3 ló ti fi ẹkún pè mí lórí fóònù, ọ̀nà kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbà kó sínú wàhálà. Físà ìgbafẹ́ ni ẹ́jẹ́ǹtì fi kó wọn wá, ó ní bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀, wọn yóò yí i padà sí ti iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "ẹ óò yí i padà tí ẹ bá débẹ̀," ni mo fẹ́ kí ẹ máa sá fún.

Mo mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́ fún èmi náà rí. Ọdún 9 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní Gẹ̀ẹ́sì ní Òṣogbo, mo sì ní dìgírì nínú ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà nígbà tí mo dé agbègbè Udon Thani, ní àríwá ìlà-oòrùn Táílàńdì, ní ọdún 2017, ọkàn mi balẹ̀ pé iṣẹ́ ni yóò máa wá mi kiri. Ilé ìwé aládàáni kan gbà mí lóòótọ́. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, pé ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ 11 ni mo fi kọ́ni láìní ìwé kankan lọ́wọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti kọ orin orílẹ̀-èdè wọn tán níwájú àsíá ní aago 8, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé sáré wá bá mi, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí lẹ́yìn láíbìrì, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ìmígírésọ̀n ti wọlé. Orí páálí ìwé ni mo jókòó lé, mo pa fóònù, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kíláàsì mi tí wọ́n dìde, tí wọ́n ń ké "Good morning, teacher" gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn, ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń kí. Tíṣà tí àwọn ọmọ ń pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, tí wọ́n ń tẹrí ba fún láràárọ̀, ló wá di ẹni tí wọ́n ń fi pamọ́ bí ẹrù fàyàwọ́. Mo sunkún nínú yàrá yẹn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín jókòó sórí páálí náà.

Òfin wọn kò ṣòroó yé ènìyàn. Físà tí wọ́n ń pè ní Non-Immigrant B ni ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní, ilé ìwé tí ó gbà á ni yóò sì kó ìwé tí yóò fi tọrọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, bí kò bá sì ní láísẹ́ǹsì olùkọ́ ti ilẹ̀ wọn, ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́, Khurusapha, ni yóò fún un ní ìyọ̀ǹda ọdún 2. Ẹni tí wọ́n bá bá lẹ́nu iṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ yóò san owó ìtanràn láti 5,000 títí dé 50,000 báàtì, owó ilẹ̀ wọn, wọn yóò lé e padà sílé, kò sì ní lè tọrọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ mìíràn fún ọdún 2. Bí ọjọ́ físà bá ti kọjá, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 500 báàtì lójúmọ́, títí yóò fi dé 20,000. Bí ó bá sì jẹ́ pé ṣe ni wọ́n mú un, tí kì í ṣe òun ló lọ fa ara rẹ̀ kalẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì pé ọdún kan tí físà náà ti kú, ọdún 5 ni kò fi ní lè wọ ilẹ̀ wọn mọ́. Ẹni tí kò bá ní owó tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò fi padà sílé, àtìmọ́lé tí ó wà ní Suan Phlu ní Bangkok ni yóò ti máa retí ẹni tí yóò bá a san án. Kò sí ibì kankan nínú gbogbo èyí tí orúkọ ẹ́jẹ́ǹtì ti jẹ yọ.

Kì í ṣe pé òfin kò gbà kí ènìyàn yí físà padà rárá. Èmi náà yí tèmi nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí mo ti ré kọjá afárá odò Mekong lọ sí Vientiane ní ilẹ̀ Laos lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí àwọn ẹ́jẹ́ǹtì kì í sọ ni pé Nàìjíríà ni ẹ ti máa rí ìwé tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín níbí. Sáítífíkéètì yunifásítì yín gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ àti ti Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òkèèrè ní Àbújá, kí ó tó kan ẹ́ńbásì Táílàńdì tí ó wà níbẹ̀. Ẹ tún nílò ìwé ẹ̀rí àwọn ọlọ́pàá pé ẹ kò dáràn rí, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ka fún ní Alágbọn ní Ìkòyí. Inú àpótí ìyá mi ni mo fi sáítífíkéètì tèmi sí nígbà tí mo ń bọ̀, láìsí òǹtẹ̀ kankan lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé e láti Òṣogbo lọ sí Àbújá lẹ́ẹ̀mẹta, ó sun ilé èrò, ó pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì, oṣù 4 sì kọjá kí ó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ilé la ti í kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó àti ti àwọ̀ pẹ̀lú, nítorí ó máa ń dun àwọn tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpolówó iṣẹ́ níbí ni yóò sọ pé ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ nìkan ni àwọn ń wá, àwọn tí wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba, Kánádà, Ọsirélíà, New Zealand, Áyáláńdì àti South Africa. Pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba wa, pé òun la fi kàwé láti kékeré, kò fi orúkọ wa kún un. Wọ́n ní kí n lọ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní TOEIC, kí n gba máàkì 600 ó kéré tán nínú 990. Mo gba 940. Síbẹ̀, 22,000 báàtì ni owó oṣù tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti Ìlú Ọba dé, tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí, ń gba 35,000 ní yàrá ìkàwé tí ó tẹ̀ lé tèmi. Èmi ni mo ń kọ nóòtì ẹ̀kọ́ tí ó fi ń kọ́ wọn. Wọn yóò béèrè fọ́tò yín kí wọ́n tó béèrè ìwé ẹ̀rí yín, àwọn òbí kan yóò sì lọ bá ọ̀gá pé àwọn kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ojú wọn lè yí padà bí wọ́n bá gbọ́ tí ọmọ wọn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé, mo ti rí i bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́.

Ẹni tí ó bá ń ta iṣẹ́ Gúúsù Kòríà fún yín, ẹ má ṣe dá a lóhùn. Físà E-2 tí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà níbẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè 7 tí mo kà sílẹ̀ lókè yẹn ni wọ́n ń fún un, Nàìjíríà kò sì sí níbẹ̀. Ti Ṣáínà le pẹ̀lú. Láti oṣù Keje ọdún 2021 ni ìjọba wọn ti gbógun ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ lẹ́sìnnì, tí púpọ̀ nínú wọn sì ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ni níbẹ̀ lè san owó ìtanràn 5,000 títí dé 20,000 yuan, bí ọ̀ràn náà bá sì wúwo, wọn yóò tún tì í mọ́lé fún ọjọ́ 5 sí 15.

Bí ilé ìwé kan ní Táílàńdì bá wá gbà yín, ẹ ka ìwé àdéhùn náà dé orí ìlà tí ó kẹ́yìn. Ẹ wo iye oṣù tí wọn yóò sanwó fún, nítorí púpọ̀ nínú wọn kì í san ju oṣù 10 lọ. Ìsinmi gígùn oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin yóò bá yín láìsí kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni onílé yóò ṣì máa béèrè owó rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ilé ìwé gan-an ló gbà yín síṣẹ́ tàbí alágbàṣe kan tí yóò máa yọ tirẹ̀ kúrò nínú owó yín lóṣooṣù. Páásípọ́ọ̀tì yín kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ bá òun mú àpò kékeré kan dání wá láti Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá yín, ẹ má ṣe gbà á.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹ́jẹ́ǹtì, ẹ gba orúkọ ilé ìwé náà lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ wá nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì pè wọ́n ní agogo 9 àárọ̀ ti ibí, tí ó jẹ́ agogo 3 òru nílé. Ẹ dìde lóru náà, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ orúkọ yín. Ọ̀kan nínú àwọn 3 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti san ₦1,800,000 fún iṣẹ́ ní ilé ìwé kan tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Sáà ìwé tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù Karùn-ún níbí. Ẹni tí òǹtẹ̀ Àbújá bá ti wà lára ìwé rẹ̀, tí ó ní èsì TOEIC àti ìwé Alágbọn lọ́wọ́, kí ó kọ̀wé sí mi kí oṣù Kejì tó parí, èmi yóò sì sọ ilé ìwé tí ó ń wá olùkọ́ ní agbègbè yìí fún un láìgba kọ́bọ̀.