Ta Ló Ń Kọ Ìwà Ọ̀daràn Abúlé Sílẹ̀?

Ẹni tó bá dàgbà sí oko yóò mọ ààlè, àmì tó ń kìlọ̀ fún olè. Ìkarahun ìgbín tó fọ́, ṣùkù àgbàdo, àkísà pupa, awẹ́ bàtà tó ti gbó: wọ́n á so ó mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu tàbí igi ìdáná tí wọ́n kó jọ, ó parí, olóko lè máa lọ sílé. Bákan náà ni tà-fi-í-lẹ̀. Obìnrin á kó ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà, á fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣàpèjúwe iye tó fẹ́ tà á, á bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rà á á fi owó síbẹ̀. Ohun tó ń ṣọ́ ọjà náà ni pé gbogbo ẹni tó ń kọjá ló mọ ọlọ́jà, ọlọ́jà náà sì mọ ìdílé tí oníkálukú ti wá.

Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí? Nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé lọ́dún 2024, kòkó tí wọ́n sá síta kò ṣe é fi sílẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, baba á ká ẹní, á kó kòkó wọ yàrá, á sì sùn tì í pẹ̀lú òórùn kíkan rẹ̀. Èyí tó wà lórí igi ńkọ́? Àwọn tó ń gun ọ̀kadà wọ oko lóru kò mọ ààlè, wọn ò sì mọ baba tó so ó.

Olè kòkó ṣì kéré. Inú oko rẹ̀ ní Ìládò, nítòsí Àkúrẹ́, ni wọ́n ti jí Olóyè Olú Fálaè gbé lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 2015, lọ́jọ́ tó pé ẹni ọdún 77. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé ìwé kó ní Emùré.

Àwa ìwé ìròyìn yìí ti wà lẹ́yìn Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò ilẹ̀ Yorùbá, láti ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní 2020 tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà wa ṣí i ní Ìbàdàn, a ò sì yí padà. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí kò mọ ibi tí ẹran ń gbà, ọta ìbọn rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí, NBS, sọ ní oṣù Kejìlá 2024 pé láàárín ọdún kan, nǹkan bíi tírílíọ̀nù 2.2 náírà ni àwọn ará ilẹ̀ wa san fún ajínigbé. Ìwádìí yẹn kan náà fi hàn pé nínú ilé 100 tí olè jà, bíi 36 péré ló fi tó ọlọ́pàá létí. Kí là ń pè ní ètò ààbò nígbà náà, bí ìjọba kò bá gbọ́ ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn kan ṣe níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá kan wà tó ń jẹ́ Joseph Donnermeyer, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio. Nígbà tó jẹ́ pé ìgboro ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò bí wọ́n bá ń kọ̀wé nípa ìwà ọ̀daràn, àwọn abúlé àti oko ni òun fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ wò. Ó tọpa olè oko, ó sì ka àwọn ará Amish, ìjọ Kristẹni kan tó ń gbé ní ìgbèríko, títí tó fi lè sọ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 250,000 lọ́dún 2010. Ohun tó wúlò jù fún wa nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí: ìmọ̀ra-ẹni tí à ń yin abúlé fún, òun náà ló lè bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀. Walter DeKeseredy àti Martin Schwartz, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, rí irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá obìnrin 43 lẹ́nu wò ní ìgbèríko Ohio kan náà, àwọn obìnrin tí ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin fipá bá lò pọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í sílẹ̀ tàbí lẹ́yìn tí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ọlọ́pàá tí obìnrin fẹ́ sá tọ̀ lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀.

Ta ni kò mọ irú rẹ̀ nílé wa? Wọ́n fipá bá ọmọdébìnrin lò pọ̀, àwọn àgbà pe ìpàdé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé ni, wọ́n bu owó fún ìyá rẹ̀. Ọmọ ìlú jalè, wọ́n ní ẹ má ba orúkọ bàbá rẹ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ tí ajínigbé bá dé, tí wọ́n mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kòkó àti yàrá tó ń sùn sí, gbogbo wa á máa bú àlejò. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ta ló ń bá wọn ṣe alamí? Abúlé wo ni gbogbo ọ̀dọ́ ti kó kúrò? Ta ni baálẹ̀ ń yá ilẹ̀ fún láìsí ìwé? Ìbọn kò lè dáhùn ìyẹn. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tí ìyá arúgbó fọkàn tán, ló lè dáhùn rẹ̀.

A sì ti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Nathaniel Fádípẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí ìbágbépọ̀ Yorùbá, ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ́dún 1939. Ó kú lọ́dún 1944. Ọdún 1970 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìbàdàn. Ọdún 31 ni ìmọ̀ nípa wa fi wà nínú àpótí! Ó dùn wá pé ìwà yẹn kò tíì kúrò lára wa. Àwa oníwèé ìròyìn náà jẹ̀bi, nítorí ìgbà tí wọ́n bá pa ọba la máa ń rán akọ̀ròyìn lọ sí abúlé.

Ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò ju èyí lọ. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba àwọn onímọ̀ ìbágbépọ̀ síṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ tó ní oko púpọ̀, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n máa kọ gbogbo olè, ìjínigbé, ìjà ilẹ̀ àti ìfipábánilòpọ̀ sílẹ̀, yálà ọlọ́pàá gbọ́ tàbí kò gbọ́. Kí orúkọ ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀ má ṣe dé etí ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde lọ́dọọdún, kí baálẹ̀ àti Àmọ̀tẹ́kùn rí i kà lédè Yorùbá. A óò wá owó oṣù wọn nínú ìwé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, a óò sì tẹ orúkọ ìpínlẹ̀ tí a kò bá ti rí i sójú ewé yìí.