Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n tó fọ fọ́tò Olósùnta àti ti Màmá

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ ohun tó dùn yín síta nípa fọ́tò méjì tí a fọ̀ fún yín. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa: ẹ ní ojú ọ̀run lẹ́yìn àpáta Olósùnta yọ bí àtẹ̀gùn, àpáta fúnra rẹ̀ kò mú, fọ́tò Màmá sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀ lára. A ti yẹ méjèèjì wò.

Ti Màmá, ẹ̀bi wa ni. Bébà aláwọ̀ la fi ń fọ dúdú-àti-funfun, àwọ̀ mẹ́ta ló sì ń para pọ̀ di dúdú lórí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ ju èkejì lọ, fọ́tò aláwọ̀ lè bò ó, ṣùgbọ́n kò síbi tí dúdú-àti-funfun máa fi í pamọ́ sí. A pààrọ̀ róòlù bébà lọ́jọ́ yẹn, a kò sì tún ẹ̀rọ tò kó bá róòlù tuntun mu kí a tó fọ tiyín. Ẹ má bínú. A ti tún un fọ̀, a kò ní gba kọ́bọ̀.

Ti Olósùnta, inú fáìlì ni ọ̀rọ̀ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ ká ti pè yín ká tó fọ̀ ọ́. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí WhatsApp jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì (àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di fọ́tò) 1600 sí 1067, bẹ́ẹ̀ 6000 sí 4000 ni kámẹ́rà yín ń yà. Lórí bébà ínǹṣì 12 sí 18 tí ẹ ní ká lò, bíi píksẹ́ẹ̀lì 89 péré ló kan ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ti kámẹ́rà gan-an ìbá jẹ́ 333. Ìdí tí àpáta kò fi mú nìyẹn.

Ti àtẹ̀gùn yàtọ̀. JPEG (fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà ti fún pọ̀) nìkan lẹ yà, ẹ sì ti yí kámẹ́rà sí Monochrome (dúdú-àti-funfun). Láti dúdú kirikiri dé funfun báláú, ìpele 256 ni JPEG ní. Ojú ọ̀run tó rí bákan náà láti òkè délẹ̀ lè má gbà ju bíi 30 lọ nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ wá fà á lórí fóònù kó lè ṣókùnkùn, 30 yẹn nà dé ibi tó yẹ kí 90 wà, àlàfo àárín wọn lẹ sì rí yẹn. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dí i mọ́. RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí) oníbíìtì 14 ní ìpele 16,384, ẹ lè fà á dáadáa kó má já.

Èyí tó ká wa lára jù ni àwọ̀ tó ti lọ. Nínú JPEG yẹn, eérú ojú ọ̀run àti eérú àpáta ti di ọ̀kan náà, bí ẹ bá mú ọ̀kan ṣókùnkùn, èkejì á tẹ̀lé e. RAW máa ń tọ́jú àwọ̀ bí ẹ tilẹ̀ yan Monochrome. Bí ẹ bá ṣí i nínú Lightroom (ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe) tí àwọ̀ yọ, ẹ má jáyà; ẹ tẹ B&W, kí ẹ fa Blue sílẹ̀ sí bíi -25. Bí ojú ọ̀run ọjọ́ náà bá jẹ́ búlúù, á ṣókùnkùn, àpáta á dúró bó ṣe wà. Ẹ má kọjá -40 o: ojú ọ̀run á di hóró-hóró bíi gààrí, ìlà funfun tín-ín-rín á sì yọ létí àpáta. Lásìkò ọyẹ́, Blue kò ní ríṣẹ́ ṣe, torí ojú ọ̀run ti funfun. Fún ojú Màmá, Orange +15 á tan ìmọ́lẹ̀ sí awọ ara, gèlè aláró kò ní yí padà.

Nítorí náà, ẹ fi kámẹ́rà sí RAW+JPEG. Ẹ ó máa rí dúdú-àti-funfun lẹ́yìn kámẹ́rà, àwọ̀ á sì wà nínú RAW. Káàdì 32GB á gba bíi 800. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ fi TIFF (irú fáìlì fọ́tò ńlá) oníbíìtì 16 pamọ́ sílé (ó lè tó 144MB), kí ẹ wá fún wa ní JPEG, sRGB (ìlànà àwọ̀ tó wọ́pọ̀), Quality 11 tàbí 12 nínú Photoshop. Ẹ̀rọ wa kò nílò jù bẹ́ẹ̀, torí fífà ti parí. Ẹ má yí i sí Grayscale, ẹ má sì máa ṣí JPEG kan náà kí ẹ tún un fi pamọ́ léraléra, ó ń já díẹ̀díẹ̀ ni.

Bó bá jẹ́ WhatsApp lẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ yan Document, ẹ má yan Photo. Bí fáìlì bá jẹ́ 9MB lọ́dọ̀ yín, 9MB ló gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú káàdì wá. Bí ẹ kò bá tíì pa JPEG àkọ́kọ́ rẹ́, èyí tí ẹ kò fà lórí fóònù, a ó tún Olósùnta fọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 12 sí 18. Àpáta á mú, ojú ọ̀run á dán láìsí àtẹ̀gùn, àmọ́ kò ní ṣókùnkùn tó bí ẹ ṣe fẹ́.