Owó kọ́ṣọ̀n kì í ṣe ogún ẹni tó kẹ́yìn nílé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní nínú àwọn tó jọ gbalé, ẹni tó bá kọ́kọ́ kó jáde ti pàdánù owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀ (owó tí lánlọ́ọ̀dù ń gbà pa mọ́ títí ayálégbé á fi kó jáde), pé ó ti di ti àwọn tó kù. Ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí ohun tó lè bàjẹ́ ni lánlọ́ọ̀dù ṣe ń gbà á. Ẹni tó san án ló ni ín. Òótọ́ ni pé lánlọ́ọ̀dù lè má dá kọ́bọ̀ padà nígbà tí àwọn yòókù ṣì wà nínú ilé. Torí náà, ní Ifẹ̀ níbí, yálà ní Asherifa tàbí Mayfair, ẹ jẹ́ kí ẹni tuntun tó ń wọlé san ìpín ẹni tó ń lọ fún un, kẹ́ ẹ sì fi tó lánlọ́ọ̀dù létí.

Rìsíìtì gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan ló wà níbẹ̀, òun nìkan ni lánlọ́ọ̀dù mọ̀. Ọwọ́ ẹni tó lorúkọ níbẹ̀ lẹ ó ti gba tiyín, ẹ̀rí tíránsífà lẹ ó sì gbé síwájú rẹ̀.

Gíláàsì lúfà tó fọ́ ní yàrá lágbájá, lágbájá ni kó san án. Ti kíṣínì, gbogbo yín ni. Ọ̀dà ògiri tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò jẹ gbèsè ìyẹn, bí lánlọ́ọ̀dù tilẹ̀ ń pariwo.