Èsì wa sí àǹtí tó ní àkọ̀ ìbọn wa ò jẹ́ kí òun rí aṣọ gidi wọ̀ mọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, a ti ka rífíù yín láti òkè délẹ̀, ẹ ṣé gan-an tí ẹ tún fi fọ́tò sí i. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá kà á: àǹtí wa ra àkọ̀ Kydex, ìyẹn àkọ̀ oníke líle, tí wọ́n ń kì sínú ìbàdí ṣòkòtò lọ́wọ́ wa fún ìbọn ìléwọ́ Glock 19 wọn, ìràwọ̀ méjì ni wọ́n fún wa, wọ́n ní àkọ̀ yẹn le dáadáa o, kò sí ibi tó bàjẹ́, àmọ́ ìbọn ń yọ lára búláòsì, ó sì ń gún wọn níkùn tí wọ́n bá ti jókòó sínú mọ́tò. Wọ́n ti kó gbogbo aṣọ tó bá wọn lára mu tì, ṣẹ́ẹ̀tì gbàgẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ kiri, nígbà tó wá sú wọn pátápátá wọ́n yọ ìbọn kúrò nínú àkọ̀, wọ́n jù ú sínú báàgì. Wọ́n ní kí á sọ òótọ́, ṣé obìnrin tó fẹ́ràn oge lè gbé ìbọn mọ́ra ní Amẹ́ríkà yìí kó ṣì máa wọ aṣọ tó wù ú.

Ó ṣeé ṣe mà, ojoojúmọ́ la ń bá àwọn obìnrin tó ń ṣe é pàdé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ báàgì yẹn, torí òun ló ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìbọn yẹn kúrò níbẹ̀ lónìí. Glock ò ní sééfútì kankan tí ẹ máa fi ọwọ́ tì kó má baà yìn, tí nǹkan bá ti tẹ tírígà yẹn dáadáa á yìn ni, kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì, bírò wà ńbẹ̀, ọ̀dà ètè wà ńbẹ̀, èyíkéyìí nínú wọn lè kọ́ ọ. Ní December 2014, nílùú Hayden ní Idaho, ìyá kan lọ ra nǹkan lọ́jà, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 2 jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù, ó na ọwọ́ sínú báàgì ìyá rẹ̀, ìbọn yìn, ìyá yẹn kú níbẹ̀. Ó ní láísẹ́ǹsì o, báàgì yẹn gan-an dìídì wà fún gbígbé ìbọn ni, ó ní yàrá tiẹ̀ tó ní síìpù. Èyí ló fà á tí àwa ò fi ń ta báàgì ìbọn rárá bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn ń bèèrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Èèyàn á gbé báàgì kalẹ̀ lórí àga, á gbé e fún ọ̀rẹ́ bá òun mú un, olè á já a gbà, ìbọn tó wà lára yín nìkan lẹ mọ ibi tó wà ní gbogbo ìgbà. Tó bá wá di dandan pé báàgì lẹ máa lò lọ́jọ́ kan, kí ìbọn wà nínú àkọ̀ líle tó bo tírígà rẹ̀, nínú yàrá tí nǹkan míì ò sí, kí okùn báàgì gba àyà yín kọjá, kó má sì kúrò lára yín títí ẹ ó fi délé.

Ẹ̀yin ọkùnrin náà ẹ má rò pé obìnrin nìkan ni mò ń bá wí, àwọn tó ń ki ìbọn bọ ìbàdí ṣòkòtò láìsí àkọ̀ nítorí kó má baà yọ lára aṣọ púpọ̀. Plaxico Burress, agbábọ́ọ̀lù ìlànà Amẹ́ríkà tó wà nínú ikọ̀ New York Giants tó gba ife Super Bowl ní 2008, ọdún yẹn náà ni ìbọn tí kò fi sínú àkọ̀ yọ̀ sísàlẹ̀ nínú ṣòkòtò rẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù kan ní New York, bó ṣe fẹ́ gbá a mú báyìí ló yìn ín mọ́ ara rẹ̀ nítan. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 2 lórí ẹ̀, torí kò ní láísẹ́ǹsì New York.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí aṣọ. Ohun tó ń yọ lára búláòsì yín kì í ṣe ẹnu ìbọn mà, ẹnu ìbọn ti wọ inú ṣòkòtò lọ. Ìdí ìbọn ni, ibi tí ọwọ́ ń dì mú, òun ló máa ń ta síta lábẹ́ aṣọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á lọ ra ìbọn tí ẹnu rẹ̀ kúrú, á tún máa hàn bó ṣe ń hàn tẹ́lẹ̀, torí pé ìdí rẹ̀ ò kúrú. Ìdí nìyẹn tí àkọ̀ tí ẹ rà fi ní èékánná ike kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, claw ni wọ́n ń pè é, bẹ́líìtì ló yẹ kó tẹ̀ ẹ́, tó bá ti tẹ̀ ẹ́ ìdí ìbọn á yí wọ inú síhà ikùn. Mo sọ fọ́tò yín di ńlá láti wò ó dáadáa, bẹ́líìtì yín ò kan claw yẹn rárá, bẹ́líìtì oge tẹ́ẹ́rẹ́ rírọ̀ ni ẹ lò. Glock 19 tí ọta kún inú ẹ̀ ń lọ sí bíi 850 gíráàmù, bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ ò lè gbé ìyẹn, á tẹ̀ ni, ìbọn á sì yí síta. Bẹ́líìtì ìbọn gidi kì í tẹ̀ kọ́rọ́, fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 1.5, ó sì wà ní awọ tó mọ́ tó ń dán tí ẹ lè wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láìsí ẹni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ti pé ó ń gún yín níkùn, ara obìnrin ló yàtọ̀, kì í ṣe pé ẹ sanra tàbí ẹ tín-ínrín. Tí ẹ bá gbé àkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbàdí tó yọ jáde á ti ẹnu ìbọn síta, ìdí rẹ̀ á sì wá máa gún yín ní egungun ìhà. Iwájú ló máa ń dáa jù fún ọ̀pọ̀ obìnrin, kó kúrò ní àárín gan-gan díẹ̀ sí apá tí ẹ fi ń yìnbọn, kí ẹ wá lẹ fóòmù mọ́ ẹ̀yìn àkọ̀ nísàlẹ̀ níbi ẹnu ìbọn. Fóòmù yẹn á ti ẹnu ìbọn kúrò lára yín, ìdí rẹ̀ á wá sún mọ́ra, ohun kan náà ló ń wo ìgúnni yẹn sàn tó tún ń jẹ́ kó fara pamọ́. Skúrù méjì tó wà lára kíliìpù náà, ẹ lè fi gbé àkọ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ìbọn má sí nínú ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tú u o.

Bí bẹ́líìtì àti àkọ̀ yìí bá ti dúró dáadáa, aṣọ yín tó bá yín lára ni kí ẹ máa wọ̀ padà. Mo tẹnu mọ́ ọn torí gbogbo èèyàn ló rò pé aṣọ ńlá ló ń bo ìbọn. Ìbàdí ṣòkòtò nìkan ló yẹ kó fi íǹṣì kan tàbí méjì fẹ̀ sí i, èjìká búláòsì ò gbọ́dọ̀ yẹ̀ sílẹ̀. Ẹ yàgò fún aṣọ tó ń lẹ̀ mọ́ra, sílíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti aṣọ rírọ̀ tó ń nà, ìyẹn á ya ìbọn sílẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Aṣọ òwú tó nípọn díẹ̀, líníìnì, jíǹsì, aṣọ oníbátànì tàbí èyí tó ṣẹ́ wúńrẹ́wúńrẹ́ níwájú, àwọn yẹn ń da ojú rú, dúdú sì ń bò ó ju funfun lọ. Bìléésà tí wọ́n fi aṣọ tẹ́ inú ẹ̀, tí èjìká rẹ̀ jókòó dáadáa, ẹ ṣí i sílẹ̀ láì de bọ́tìnnì, ó rẹwà, ó sì bo gbogbo ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ki búláòsì bọ inú ṣòkòtò, kíliìpù kan wà tí ẹ lè ki aṣọ gba àárín ẹ̀, tí ẹ bá wá fa aṣọ jáde díẹ̀ lórí bẹ́líìtì kò sẹ́ni tó máa rí i. Ti gáùn le díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín: ọ̀já ikùn oníróbà ló kù, kí ẹ sì ra èyí tó ní ike líle tó bo tírígà, torí róbà nìkan ò dá ìka dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni gbígbé gáùn sókè láti fa ìbọn yọ ò yá rárá.

Àwọn kan á wọ kùkúmọ́ oní-àpò mẹ́rìnlá àti fìlà tí orúkọ ilé iṣẹ́ ìbọn wà lára ẹ̀, wọ́n ní àwọn ń fi ìbọn pamọ́. Ẹni tó mọ̀ á ti mọ̀ látòkèèrè. Oge tiyín gan-an ló ń bò yín mọ́lẹ̀ dáadáa, ìdí tó fi dùn mí pé ẹ pa á tì nìyẹn.

Kí ẹ tó jáde, ẹ yọ ilé ọta, ẹ wo inú ìbọn kí ẹ rí i pé ó ṣófo, ẹ ki ìbọn bọ inú àkọ̀, kí ẹ wá dúró síwájú dígí: ẹ jókòó, ẹ nawọ́ sókè bí ẹni fẹ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ, ẹ tẹ orúnkún bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá wá jáde, ẹ má fọwọ́ kàn án, ọwọ́ tó ń lọ síbàdí ní gbogbo ìgbà ló ń tú èèyàn fó ju aṣọ lọ. Nílé ìgbọ̀nsẹ̀, kó máa wà nínú àkọ̀ lára ṣòkòtò, ẹ má gbé e lé orí ohunkóhun.

Ẹ bi mí nípa òfin náà. Láti 2013 tí ìpínlẹ̀ Illinois ti gbà á, kò sí ìpínlẹ̀ tó fòfin de gbígbé ìbọn pamọ́ mọ́ra pátápátá mọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì dá ẹjọ́ Bruen ní 2022 tó fagi lé òfin New York tó ní kéèyàn fi hàn pé òun ní ìdí pàtàkì kó tó gba láísẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ kan lè máà ṣiṣẹ́ ní ìkejì, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn ilé ìjọba àpapọ̀ ò sì gbà á. Ẹ yẹ òfin ibi tí ẹ ń lọ wò kí ẹ tó wọ mọ́tò.

A máa fi fóòmù yẹn ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú kíliìpù tí wọ́n ń ki aṣọ gbà. Ẹ wọn ìbàdí yín níbi tí ṣòkòtò ń jókòó sí gan-an, kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lára ṣòkòtò, ẹ fi sí ínbọ́ọ̀sì wa, kí ẹ sì sọ bóyá ọwọ́ ọ̀tún lẹ ń lò tàbí òsì, ká lè yan bẹ́líìtì tó máa bá a lọ.