Oyè Jony Ive: Orúkọ Àwọn Yòókù Dà?

Ẹni tó bá lo kọ̀ǹpútà ṣáájú ọdún 1998 yóò rántí bí wọ́n ṣe rí nígbà náà: àpótí gìrìwò aláwọ̀ ògì bàbà, wáyà lọ́tùn-ún, wáyà lósì, ojú rẹ̀ le koko bí ojú ọlọ́pàá ẹnubodè. Ọdún yẹn ni Apple gbé iMac jáde. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi òkun, ènìyàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè máa wo ìfun rẹ̀ láti ìta. Lẹ́yìn orí rẹ̀, wọ́n ṣe ọwọ́ ìdìmú kan sí i. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ máa gbé e kiri àdúgbò. Ẹni tó ṣe é ṣàlàyé pé ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, pé bí wọ́n bá ti rí ibi tí ọwọ́ lè dì mú, ara wọn á balẹ̀ láti fọwọ́ kàn án. Kí ọdún náà tó parí, ó ti tà tó 800,000.

Jonathan Ive ni ẹni náà, Jony ni gbogbo ayé ń pè é. Ọmọ Chingford ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Wọ́n fún un ní CBE, oyè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní 2006. Nínú ìwé oyè ọdún tuntun 2012, wọ́n gbé e ga sí KBE, èyí tó ń sọ ènìyàn di Sir, nítorí iṣẹ́ ọnà àti òwò. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ó kúnlẹ̀ ní ààfin Buckingham, Ọmọba Anne fi idà kan èjìká rẹ̀, ó sì dìde ní Sir Jonathan. Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti ń lọ lórí oyè yìí, bí wọ́n sì ti ń rò pé ó ti rọlẹ̀ ló tún ń rú. Ó tún rú ní 2025, nígbà tí OpenAI, ilé iṣẹ́ tó ni ChatGPT, ra io, ilé iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ dọ́là.

Àwọn kan ní kí ni wọ́n ń fi oyè dá ayàwòrán lọ́lá fún, nígbà tó jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ló ṣe iṣẹ́ gan-an. Àwọn kan ní Kalifóníà ló ti ń ṣiṣẹ́ láti 1992, pé Amẹ́ríkà ló sọ di olówó. Àwọn mìíràn ní ó jí ọnà àwọn ará Jámánì wò. Ìwé ìròyìn yìí gbà pé oyè náà tọ́ sí i. Ẹjọ́ wa wà níbòmíràn, a ó sì dé ibẹ̀.

Ti pé ayàwòrán lásán ni, ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dúró ti oníṣẹ́ ọwọ́ kankan rí. Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni bàbá Jony, olùkọ́ sì ni. Bí ọdún Kérésì bá dé, ẹ̀bùn tó ń fún ọmọ rẹ̀ ni odindi ọjọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́: ohunkóhun tí ọmọ bá fẹ́, àwọn méjèèjì yóò jọ ṣe é, bí ó bá ti lè kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á sórí pépà. Ẹni tí wọ́n tọ́ báyìí, tó bá ya ọwọ́ ìdìmú sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó ti ro ti irin, ó ti ro ti owó, ó ti ro ti ẹ̀rù tó wà lọ́kàn ìyá àgbà tó fẹ́ lò ó. Iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n ti fi irú oyè bẹ́ẹ̀ dá ọ̀gágun àti olówó báńkì lọ́lá tí ẹnikẹ́ni kò janpata.

Ti Amẹ́ríkà kò gbà wá lákòókò. Newcastle ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Ìlú Ọba ló sọ òun di ohun tí òun dà.

Ti Jámánì ló ní ìtumọ̀ díẹ̀. Ẹ gbé rédíò T3 tí Dieter Rams, ayàwòrán ará Jámánì, ṣe fún ilé iṣẹ́ Braun ní 1958 sẹ́gbẹ̀ẹ́ iPod àkọ́kọ́, ẹ̀rọ orin Apple ti 2001: àpótí funfun pẹlẹbẹ, òbìrí kan ní àárín, kò sí ariwo kankan lára rẹ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Ive kò fi í pamọ́ rí, gbangba ló ti ń yin Rams, Rams náà sì ti sọ pé Apple wà lára ilé iṣẹ́ díẹ̀ tó ń tẹ̀lé ìlànà òun. Gbẹ́nàgbẹ́nà wo ni kò kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan? Ẹni tó bá fẹ́ fìyà jẹ ẹ́ lórí èyí yóò kó gbogbo ilé ọnà dé.

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kò láṣìṣe o. Máòsì kan wà tí Apple gbé jáde ní 2015, nígbà tí Ive ṣì jẹ́ ọ̀gá àgbà ọnà níbẹ̀: ihò tí wọ́n fi ń ṣáàjì rẹ̀ wà ní ikùn. Bí iná bá tán nínú rẹ̀, àfi kí o dá a dùbúlẹ̀ gbalaja, ikùn sókè, bí aáyán tí wọ́n fọ́n oògùn sí, kí o sì dúró títí yóò fi jí. Nítorí kí ojú rẹ̀ lè mọ́ ni. Ẹ wá lọ sí Ọ̀tígbà, ní Ìkẹjà, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń tún fóònù ṣe. Láti ayé iPhone 4 ni wọ́n ti ń fi sikúrúù kékeré olójú márùn-ún dè é nísàlẹ̀, irú èyí tí irin ìtúsikúrúù tó wà nílé ẹni kò lè ṣí. Àtúnṣe ń bẹ nínú iṣẹ́ ọnà, ẹni tó ya fóònù bẹ́ẹ̀ kò sì rò ti ọmọkùnrin tó tẹ̀ ba tábìlì, tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná rọ gọ́ọ̀mù ìdí dígí, tó mú èémí sínú kí sikúrúù tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ má baà fò sọnù. Àbùkù gidi ni. Kò tó ohun tí wọ́n fi ń gba oyè lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó tọ́ kí àwọn tó ń ki Ive máa rántí rẹ̀.

Ibi tí ẹjọ́ wa wà wàyí ni orúkọ. Ọdún 2012 tí wọ́n fi Ive joyè náà ni kóòtù ní San Jose, ní Kalifóníà, gbọ́ ẹjọ́ tí Apple ti pe Samsung láti 2011 pé ó jí ọnà òun. Ẹlẹ́rìí tó kọ́kọ́ gun ibi ìjẹ́rìí kì í ṣe Ive. Christopher Stringer ni, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán rẹ̀. Ó sọ fún kóòtù pé àwọn bíi mẹ́rìndínlógún ló ń jókòó yí tábìlì kan ká, bíi tábìlì ilé ìdáná, tí wọ́n ń jiyàn lórí igun kan ṣoṣo títí wọn yóò fi gbà. Ìwé àṣẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dáàbò bo ọnà wà níwájú kóòtù náà. Lórí èyí tó jẹ mọ́ ọnà tábúlẹ́ẹ̀tì, orúkọ tó wà níbẹ̀ ju mẹ́wàá lọ: Howarth, De Iuliis, Nishibori, Whang, Kerr, Steve Jobs, Ive fúnra rẹ̀. Òfin ló ní kí wọ́n kọ gbogbo wọn, wọ́n sì kọ ọ́. Nígbà tí ìdájọ́ jáde lóṣù Kẹjọ, ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dín in kù lẹ́yìn náà. Nígbà tí owó wà lórí tábìlì, gbogbo orúkọ pé. Nígbà tó kan ògo, ẹyọ kan ṣoṣo ló dé Buckingham.

Ive fúnra rẹ̀ kì í sábà sọ pé “èmi”. “Àwa” ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Ní 2012 yìí kan náà, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní D&AD ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ayàwòrán Apple ní àmì ẹ̀yẹ pé àwọn ni ilé ọnà tó dára jù lọ láàárín àádọ́ta ọdún. Ive kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá gbà á. Ìyẹn ni pé Lọ́ńdọ̀nù mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Kódà ààfin mọ̀ ọ́n: ní 1942, ọba fi George Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà, dá odindi erékùṣù Malta lọ́lá, ní 2021, ọbabìnrin fi í fún NHS, gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba Ìlú Ọba. Kí ló wá ṣòro nínú tábìlì ènìyàn mẹ́rìndínlógún?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí ó ti jọ lọ. Ní 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Aláṣẹ òyìnbó kan wà lára ìlẹ̀kùn náà, Captain Ambrose, tí wọ́n rù wá sí ààfin. Ògògà jókòó dè é lórí ìtẹ́. Iṣẹ́ náà wọ àwọn aláṣẹ British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá Lọ́ńdọ̀nù, lójú débi pé wọn kò fẹ́ kó padà sílé mọ́, wọ́n sì fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe nílùú wọn pààrọ̀ rẹ̀. Ògògà gba àga. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ tó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ńkọ́? Ìwé oyè kankan kò gba orúkọ rẹ̀ wọlé. Oríkì ló gbé e dúró: ní 1988, nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, opó rẹ̀ kan ṣì kì í pé ó ń gbẹ́ igi ìrókò bí ẹni ń fín igbá. Ẹ má sì jẹ́ ká gbéra ga. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́wẹ̀, tí wọ́n ń bá a là, tí wọ́n ń bá a fá. Àwa tí a ń ki ọ̀gá, orúkọ wọn ò sí lẹ́nu wa.

Ìgbìmọ̀ tó ń to oyè jọ ní Lọ́ńdọ̀nù lè bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn: bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí wọ́n tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé oyè, kí ọ̀gá gba idà, kí àwọn yòókù gba MBE, oyè tó kéré sí i. Àbújá náà gbọ́. Àwọn olóṣèlú ló ń kún àtòkọ oyè orílẹ̀-èdè wa, MFR àti OON. Ká tilẹ̀ rí ẹyọ oníṣẹ́ ọwọ́ kan níbẹ̀, a ó ní ẹ ṣeun, a ó sì béèrè àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.