Orin ìyá mi àgbà kò tíì gbó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìròyìn yín pé àwọn ọ̀dọ́ ti tún gbé orin ìbílẹ̀ jẹ́jẹ́, orin ìtùnú ayé àtijọ́, sẹ́nu kò yà mí lẹ́nu rárá. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá mi àgbà ń yan gàrí. Bó bá ti jókòó ti agbada, tó ń fi igbá da gàrí síwá sẹ́yìn, tí òógùn ń kán sí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, á dá orin, àwa ọmọ á gbè é. Èéfín ń ta wá lójú, síbẹ̀ a kì í fẹ́ kó dákẹ́.

Ohùn irú orin bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀: ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè lorin ń gòkè. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi tètè ń mọ̀ ọ́n. Hubert Ogunde, àgbà òṣèré orí ìtàgé, ọmọ Òṣósà ní Ìjẹ̀bú tiwa níbí, lo orin ìbílẹ̀ gan-an nínú eré rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tún un gbà sílẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ariwo ìlù bò ó mọ́lẹ̀. Lálẹ́ àná mo kọ ọ̀kan nínú ti ìyá àgbà fún ọmọbìnrin mi. Oorun ti gbé e lọ kí n tó parí.