Yorùbá yín ni kẹ́ ẹ fi kọ́ Sípáníìṣì

Èrò ọkàn tèmi rèé o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn tẹ́ ẹ ń gba kíláàsì Sípáníìṣì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ ìwé tẹ́ ẹ ń lò fún. Ẹ wá jókòó, ẹ ń há òfin tí Yorùbá ti fi sí yín lẹ́nu láti kékeré.

Ser àti estar, ọ̀rọ̀ ìṣe méjì tó jọ "ni" àti "wà" wa, ńkọ́? "Olùkọ́ ni": es profesor. "Ó wà nílé": está en casa. Tó bá ti jẹ́ ibi tí èèyàn tàbí nǹkan wà, estar ni. Ibi tí ẹ ti máa kọsẹ̀ ni "ó rẹ̀ mí", torí kò sí "wà" níbẹ̀, síbẹ̀ estoy cansado ni (obìnrin á ní cansada).

Sẹ̀mẹ́sítà kẹta lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá, nígbà tí pretérito (ohun àná tó ti parí) àti imperfecto (ohun àná tó ń lọ lọ́wọ́ tàbí tó máa ń ṣẹlẹ̀) bá jọ wọlé. Ẹ̀rù ọ̀hún ti pọ̀ jù. "Mo lọ sí Dùgbẹ̀ lánàá": fui a Dugbe ayer. "Mo máa ń lọ sí Dùgbẹ̀ nígbà yẹn": iba a Dugbe. "Mo ń jẹun nígbà tó dé": comía cuando llegó. Bí ọ̀rọ̀ àná bá ti gba "ń" tàbí "máa ń", imperfecto ni. Ẹ ṣọ́ra fún mọ̀, fẹ́ àti ní, torí a kì í sábà fi "ń" sí wọn, imperfecto ló sì máa ń bá wọn lọ jù: sabía, quería, tenía.

Subjuntivo tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani, "kí" wa ni. "Mo fẹ́ kí o wá": quiero que vengas. "Mo mọ̀ pé o ń bọ̀": sé que vienes. Que kan náà ni wọ́n ń lò, ọ̀rọ̀ ìṣe ló yí. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni iyèméjì: "mi ò rò pé ó ń bọ̀" ní "pé", àmọ́ no creo que venga ni wọ́n ń sọ.

Ohun tí Yorùbá ò lè bá yín ṣe ni ìdí ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń yí: hablo, hablas, habla, hablamos, hablan. (Habláis wà, ṣùgbọ́n Sípéènì ni wọ́n ti ń lò ó, kì í ṣe Mẹ́síkò.) Ojú nìkan ò lè kọ́ èyí, àfi ẹnu. Hablo ni "mo ń sọ̀rọ̀", habló ni "ó sọ̀rọ̀". Ẹ gbé ohùn sókè níbi àmì yẹn bí ẹni ń pe àmì òkè, wọ́n á gbọ́ yín. Ẹ má sì gbé pan (búrẹ́dì) gba imú. Ahọ́n gbọ́dọ̀ kan òkè ẹnu níbi lẹ́tà "n" tó parí rẹ̀.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Wákàtí 3 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 15, sẹ̀mẹ́sítà 4: wákàtí 180 péré. Foreign Service Institute, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà nílẹ̀ òkèèrè, ń fún àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn ní bíi 600 sí 750 kí wọ́n tó lè fi èdè yìí ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ní òun gba kíláàsì mẹ́rin tí òun ò lè sọ̀rọ̀, olùkọ́ kọ́ ló jẹ̀bi. Nínú Micra láti Ìwó Road sí Sángo, ẹ mú ọ̀rọ̀ ìṣe kan, ẹ pe gbogbo ìdí rẹ̀ jáde lẹ́nu, ti lánàá àti ti "máa ń". Bí ẹni tó jókòó tì yín bá wò yín, ẹ kí i ní buenas tardes.